Láfún Inú Ọgbà Táńkì

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kì í pè mí láàárọ̀. Òun ló ń bójú tó ẹ̀rọ abúlé wa, ariwo ẹ̀rọ náà kì í sì í jẹ́ kó gbọ́ ohun téèyàn ń sọ lórí fóònù. Nítorí náà, nígbà tí ìpè rẹ̀ wọlé ní nǹkan bí agogo méje àárọ̀ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́, mo ti mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀ kí n tó gbé e.

"Máa bọ̀ nílé," ó ní. "Wolé-wolé ń bọ̀ lọ́la. Wọ́n fẹ́ ti táńkì Màmá pa."

"Ẹ kú àárọ̀, ẹ̀gbọ́n. Wolé-wolé wo?"

"Ti táńkì. Ó ti wá lẹ́ẹ̀kan. Ó bá láfún nínú ọgbà táńkì."

"Kí ni láfún ń ṣe nínú ọgbà táńkì?"

"Ó ń gbẹ," ó ní.

Iṣẹ́ ìròyìn ni mo ń ṣe ní Ìlaró, ó sì ti pẹ́ tí mo ti wà lẹ́nu rẹ̀. Mo ti kọ̀wé nípa ọ̀nà tó bàjẹ́, nípa ẹnubodè tí wọ́n tì tí wọ́n tún ṣí, nípa màálù tó jẹ oko olóko. Kò sí èyí tó mú àyà mi lù kì-kì-kì bí ọ̀rọ̀ táńkì yẹn. Mo sọ ìwé àti bírò sínú àpò, mo wọ ọkọ̀, mo forí lé ọ̀nà Igbógìlà. Àwọn tírélà sìmẹ́ǹtì ń da eruku bò mí, mo sì ń fọn fèrè mọ́ wọn bí ẹni pé iyàwó ń rọbí lẹ́yìn ọkọ̀ mi.

Láfún ni abúlé wa fi ń jẹun. Àwọn obìnrin á bó ẹ̀gẹ́, wọ́n á rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, wọ́n á sá a sóòrùn títí yóò fi gbẹ, ẹ̀rọ á wá lọ̀ ọ́ kúnná. Ẹ̀rọ yìí kan náà ló ń fa omi látinú kànga jíjìn tí a ń mu, torí odò wa a máa gbẹ tí ọyẹ́ bá dé. Epo dísù ni ẹ̀rọ ń jẹ. Ibẹ̀ sì ni wàhálà ti máa ń bẹ̀rẹ̀, nítorí ilẹ̀ wa sún mọ́ ẹnubodè. Ẹni tó bá gbé kẹ́ẹ̀gì epo lójú ọ̀nà, onífàyàwọ́ ni lójú àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù títí yóò fi ṣàlàyé ara rẹ̀ tán.

Obìnrin kan tó ń ta láfún ní ọjà Ayétòrò sọ tirẹ̀ fún mi lọ́dún náà lọ́hùn-ún, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́: "Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n dá mi dúró lọ́jọ́ kan ṣoṣo nítorí kẹ́ẹ̀gì kan. Ẹni àkọ́kọ́ bi mí pé ṣé Kútọnu ni mò ń gbé e lọ. Mo ní, 'Ọmọ mi, ẹ̀yìn ni mo kọ sí Kútọnu. Àbí ẹ̀yìn ni èmi fi ń rìn?'"

Nítorí irú èyí ni àwọn obìnrin oníláfún abúlé wa ṣe para pọ̀, wọ́n ra táńkì àlòkù kan, ọkọ̀ epo tó ní ìwé àṣẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé dísù wá bá wọn nílé. Ìyá mi ni alága wọn. Láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó ru kẹ́ẹ̀gì mọ́.

Táńkì náà dùbúlẹ̀ lórí òpó sìmẹ́ǹtì mẹ́rin lẹ́yìn ilé ẹ̀rọ. Bíríkìlà tó gbé e kalẹ̀ mọ ògiri kúkúrú yí i ká, èyí tó ga ju orúnkún lọ díẹ̀, ó sì fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ilẹ̀ inú rẹ̀ dán mọ́rán. Ó ní òfin ni. Kò sẹ́ni tó bi í pé òfin kí ni. Àwọn obìnrin wo ògiri náà lọ, wọ́n wò ó bọ̀, wọ́n sì pinnu pé nítorí ewúrẹ́ ni. Wọ́n fi ẹ̀ka ẹlẹ́gùn-ún lé orí rẹ̀, ewúrẹ́ kò sì wọ ibẹ̀ mọ́. Ẹ wá wò ó báyìí: ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì tó mọ́ tónítóní, tí ewúrẹ́ kì í dé, tí oòrùn ń pa láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Oníláfún wo ni yóò rí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ tí yóò tún lọ sá láfún sójú títì?

Ibẹ̀ ni ọmọbìnrin wolé-wolé bá ìyá mi ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìpè ẹ̀gbọ́n mi. Ìjọba ló rán an pé kó máa yẹ àwọn táńkì epo orí ilẹ̀ wò ní agbègbè wa. Ó gun ọ̀kadà wá, ó wọ bàtà ńlá, ó dé akoto.

"Ó ní, 'Màmá, kí lèyí?'" Ẹ̀gbọ́n mi ló ń sọ ọ́ fún mi nígbà tí mo délé, ó ń fi ohùn obìnrin sọ ọ́. "Màmá ní, 'Láfún ni, ọmọ mi. Ṣé kí n bù díẹ̀ fún ọ?' Ó ní, 'Màmá, inú ọgbà táńkì dísù lẹ wà yìí o.' Màmá ní, 'Mo mọ̀. Èmi ni alága rẹ̀.'"

Ìyá mi wà lórí àga níwájú wa, ó ń bó ẹ̀gẹ́, kò gbójú sókè. "Ṣé irọ́ ni mo pa fún un ni?" ó ní.

Ìwé tí wolé-wolé fi sílẹ̀ wà lábẹ́ Bíbélì ìyá mi. Mo kà á sókè fún wọn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo ń tú u sí Yorùbá bí mo ṣe ń kà á lọ. Ẹ kó gbogbo ohun tó wà nínú ọgbà táńkì kúrò. Ẹ má ṣe dí páìpù tí táńkì fi ń mí. Ẹ ra ìwé kan, kí ẹnì kan máa yẹ táńkì wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó sì máa kọ ohun tó bá rí síbẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrìnlá, a ó bu omi kún inú ògiri láti mọ̀ bóyá ó ń jò. Bí ó bá ń jò, a ó lẹ ìwé pupa mọ́ ẹnu táńkì, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fa dísù nínú rẹ̀ mọ́.

"Kí ló kan ògiri nínú ọ̀rọ̀ jíjò?" ìyá mi bi mí. "Ṣé inú ògiri ni dísù wà ni?"

"Màmá, ògiri yẹn kì í ṣe ti ewúrẹ́. Bí táńkì bá la lójijì, ògiri ni yóò gba dísù náà dúró, kó má bàa ṣàn lọ sínú kànga."

Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ rẹ̀. "Kànga wo?"

"Èyí tí ẹ ń mu. Ẹsẹ̀ ogójì péré ni ó fi jìnnà sí táńkì."

Ó bó ẹ̀gẹ́ méjì sí i, ó dìde, ó ní ó ti rẹ òun, ó sì wọlé láìjẹun. Mo rò pé ọjọ́ orí ni.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì dà bí ọjọ́ ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo àwọn obìnrin ti dé kí wolé-wolé tó dé, àwọn Mùsùlùmí wọn àti àwọn ọmọ ìjọ, wọ́n jókòó sórí àpótí àti odó tí wọ́n dojú rẹ̀ bolẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò. Láfún kankan kò sí nínú ọgbà mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ti gbá ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá mi sì ti kun ògiri ní ọ̀dà funfun láti òkè délẹ̀. Ó ní kí àlejò lè rí i pé ilé tó mọ́ ni òun wá.

Wolé-wolé kọ oúnjẹ. "Màmá, iṣẹ́ ná. Tí mo bá jẹun yín tán, ẹnu mi ò ní lè bá yín wí." Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Mo ti fẹ́ràn rẹ̀ láti ibẹ̀.

Ó na ọwọ́ sí páìpù tó yọ lórí táńkì. Náílọ̀n dúdú ni wọ́n fi so ẹnu rẹ̀.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Èmi ni," ẹ̀gbọ́n mi ní. "Agbọ́n ló fẹ́ kọ́lé síbẹ̀."

"Ṣé ìwé tí mo fi sílẹ̀ kò sọ pé kí ẹ tú u?"

"Ó sọ bẹ́ẹ̀. Agbọ́n ni kò ka ìwé náà."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó mu omi inú ike tó mú dání títí ó fi kù díẹ̀, ó fi ẹnu bo ike náà pa, ó sì fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀. Ike náà rún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ sínú ara rẹ̀. "Ẹ wò ó," ó ní. "Ẹ̀rọ yín ń fa dísù látìsàlẹ̀, afẹ́fẹ́ kò rí ibi wọlé látòkè. Bí táńkì yín ṣe máa ṣe lọ́jọ́ kan nìyí. Irin ni, ó sì máa rún. Àwọ̀n tín-ín-rín ni ẹ máa fi bò ó, kì í ṣe náílọ̀n."

Igbe sọ láàárín àwọn obìnrin. "Yéè! Ó fẹ́ fún táńkì wa lọ́rùn pa!" ọ̀kan nínú wọn ní, ó nawọ́ sí ẹ̀gbọ́n mi. "Apànìyàn!" Ẹ̀gbọ́n mi gun àkàbà, ó já náílọ̀n náà, a sì gbọ́ bí afẹ́fẹ́ ṣe wọlé pẹ̀lú ohùn kan bí ìgbà tí àgbàlagbà bá mí kanlẹ̀. Mo búra pé gbogbo wa la gbọ́ ọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, wolé-wolé ha ọ̀dà ara táńkì kúrò níbi mẹ́fà, ó fi nǹkan kan tó ń yọ̀ pa á, ó sì gbé ẹ̀rọ kékeré kan tí kò tó fóònù lé e. Ẹ̀rọ náà ń sọ bí irin ṣe nípọn tó. Ó ń pe iye rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ń kọ ọ́, àwọn obìnrin ń gbé e lẹ́nu lẹ́yìn rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n bá ń ka ìbò. Nígbà tó dé ibi kẹfà, nísàlẹ̀ níbi tí ìpẹtà máa ń fẹ́ràn, ó tún un yẹ̀ wò. "Irin yín ṣì lágbára," ó ní. Àtẹ́wọ́ dún. Ó ku ògiri.

Ẹ̀gbọ́n mi tan ẹ̀rọ, omi kànga sì ń ya wọ inú ògiri láti agogo mẹ́sàn-án títí di agogo mọ́kànlá kọjá. Wolé-wolé fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kan sára ògiri nínú. Nígbà tí omi dé ìlà náà, ó ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ. Ó wá bu omi sí bọ́kẹ́ẹ̀tì kan, ó fa ìlà sínú òun náà, ó gbé e lé orí bíríkì kan láàárín omi.

"Bọ́kẹ́ẹ̀tì ńkọ́?" mo bi í.

"Oòrùn máa mu nínú omi. Iye tó bá mu nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ló máa mu nínú ògiri. Tí ti ògiri bá fi jù ú lọ, ògiri ló ń jò." Ó wo aago. "A máa dúró di ìrun Àlásárì."

Mo ti wo ìdìbò, mo ti wo eré bọ́ọ̀lù tó bọ́ sí gbígbá wòmí-n-gbá-sílé. N kò rí ohun tó ká àwọn ènìyàn lára tó omi tó dúró jẹ́ẹ́ yẹn. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá, obìnrin kan á dìde, á lọ bẹ̀rẹ̀ wo ìlà.

"Ó ti lọ sílẹ̀."

"Ojú rẹ ló lọ sílẹ̀. Lọ ra awò."

Ìyá mi kò dìde. Ó fà mí láṣọ, a lọ síwájú ilé ẹ̀rọ.

"Ihò kan wà nínú ògiri yẹn," ó ní.

"Níbo?" mo bi í.

"Lọ́dún kejì táńkì, òjò ká láfún mi mọ́ ibẹ̀, kò rí ibi ṣàn lọ, gbogbo rẹ̀ bàjẹ́. Mo fi ọ̀pá irin lu ihò sí igun ẹ̀yìn, nísàlẹ̀. Mo lù ú kí omi lè máa jáde. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Lánàá tí o sọ ọ̀rọ̀ kànga, n kò sùn. Mo dìde ní ìdájí, mo fi amọ̀ ògán dí i, mo sì kùn ún ní ọ̀dà."

"Gbogbo ògiri lẹ kùn."

"Tí mo bá kun igun nìkan, ṣé kò ní fura ni?"

Àwọn àgbà abúlé wa máa ń fi amọ̀ ògán ṣe ààrò, iná kì í sì í là á. Ṣùgbọ́n iná kọ́ ló wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ́jọ́ náà, omi ni. Mo bi í bóyá yóò dúró di Àlásárì. "Ọlọ́run nìkan ló mọ̀," ó ní. "Pa ẹnu mọ́. Tí wọ́n bá ti táńkì yìí nítorí èmi, báwo ni mo ṣe fẹ́ wo ojú àwọn obìnrin yìí?"

Mo padà, mo jókòó. Ìwé mi wà ní pípadé lórí itan mi. Èmi tí mo ń lépa ẹ̀rí ẹlẹ́rìí láti Ìdógò dé Ẹ̀gùá, mo ti gba ẹ̀rí ọjọ́ náà tán, n kò sì lè kọ ọ́. Ojú mi kò kúrò ní igun yẹn. Ọ̀dà funfun náà ń dán. Omi kankan kò jáde.

Àlásárì kù díẹ̀. Wolé-wolé bẹ̀rẹ̀, ó wo ìlà ògiri, ó wo ìlà bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó tún wo ti ògiri. "Bákan náà ni wọ́n ṣe," ó ní. Kí ariwo tó bẹ́, ó gbọ́wọ́ sókè. "Ó ku ohun kan." Ó yọ ìwé kan jáde, ó nà án sí ẹ̀gbọ́n mi. "Ẹ̀yin lẹ ń bójú tó o. Ẹ máa fọwọ́ sí i pé kò sí ihò tàbí àlàfo kankan tí ẹ mọ̀ nínú ògiri yìí. Tí wọ́n bá wá rí i lẹ́yìnwá ọ̀la, ẹ̀yin ni wọ́n máa mú."

Ẹ̀gbọ́n mi kò mọ nǹkan kan. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó gba bírò, ó gbé ìwé lé itan.

"Má fọwọ́ sí i!"

Ìyá mi ti dìde. N kò gbọ́ irú ohùn yẹn lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé. Ó la àárín àwọn obìnrin kọjá, ó dúró níwájú wolé-wolé, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ pátá: òjò, ọ̀pá irin, amọ̀ ògán, ọ̀dà.

Wolé-wolé yíjú sí ògiri funfun náà. "Màmá, ẹ kun gbogbo ògiri kí n má bàa rí ihò kan?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi."

"Ẹ kùn ún dáadáa."

Ó lọ sí igun náà, ó fi orí bàtà rẹ̀ kan ibẹ̀ díẹ̀. Amọ̀ ṣubú. Omi tú jáde bí ìgbà tí wọ́n bá dá ọ̀fun ẹran, ó wọ inú bàtà rẹ̀, ó gba àárín àwọn odó kọjá, àwọn obìnrin ń gbé ẹsẹ̀ àti ìró sókè, wọ́n ń kígbe. Gbogbo wa dúró, a ń wo ibi tí omi náà ń lọ. Kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì. Tààrà ló lọ sídìí kànga.

Kò sẹ́ni tó bú ìyá mi. Obìnrin tó pe ẹ̀gbọ́n mi ní apànìyàn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀: "Ká ní dísù ni."

Wolé-wolé kò lẹ ìwé pupa. Ó ní nítorí táńkì kò jò, tí àwọn onítáńkì sì fẹnu ara wọn sọ àbùkù rẹ̀, òfin gba òun láyè láti fún wọn ní ọjọ́ méje. Ṣùgbọ́n dísù tuntun kò gbọdọ̀ wọ inú táńkì títí ògiri yóò fi yege. Ẹ̀gbọ́n mi ki ọ̀pá ìwọ̀n bọ táńkì, ó fà á jáde, ó wo ibi tó tutù dé.

"Ọjọ́ mẹ́rin," ó ní. "Tí a bá ń lọ láfún, tí a sì ń fa omi, ọjọ́ mẹ́rin ló kù níbẹ̀."

Bíríkìlà wá fi sìmẹ́ǹtì dí ihò náà nírọ̀lẹ́, ó sì ní kò gbọdọ̀ rí omi àyẹ̀wò kó tó pé ọjọ́ méje.

Mo pe ọ̀gá mi ní Ìlaró, mo ní mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Irọ́ kọ́ ni. Àwọn obìnrin fẹnu kò lójú ẹsẹ̀: ẹ̀rọ kò ní lọ láfún kankan mọ́, omi nìkan ni yóò máa fà, wákàtí kan lóòjọ́. Láfún gbígbẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ga nínú àpò títí ó fi dí ojú fèrèsé. Ní àràárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi á ki ọ̀pá bọ táńkì, á gbé e sókè kí gbogbo èèyàn rí i, á sì pariwo iye rẹ̀. Ìyá mi ló ń bu omi rin sìmẹ́ǹtì igun yẹn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ kó má bàa sán. Ó ń bomi rin ín bí ẹni tó ń tọ́jú ọmọ tuntun. Ó máa ń bá a sọ̀rọ̀ pàápàá. Mo gbọ́ ọ: "Le. Jọ̀wọ́, le."

Ní ọjọ́ keje, wolé-wolé dé kí oòrùn tó mú. Ẹ̀gbọ́n mi tan ẹ̀rọ. Omi ń ya, ó ń gun ògiri díẹ̀díẹ̀, àwọn obìnrin ń kọrin sí i. Nígbà tó kù bí ìbú ìka mẹ́ta kó dé ìlà ṣọ́ọ̀kì, ẹ̀rọ wúkọ́. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ó dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ki ọ̀pá bọ táńkì; gbígbẹ ló jáde.

"Ṣé kò lè tó báyìí?" mo bi wolé-wolé.

"Tí kò bá dé ìlà, kì í ṣe àyẹ̀wò." Kò fi ìkanra sọ ọ́. Ojú tirẹ̀ náà ti pọ́n.

Ìyá mi kò dúró gbọ́ parí ọ̀rọ̀ náà. Ó wọlé, ó sì jáde pẹ̀lú garawa omi lórí. Omi mímu rẹ̀ ni, èyí tó fi ìdérí bò láti àná. Ó dà á sínú ògiri. Kò wo ẹnì kankan. Ó padà lọ bu òmíràn.

"Kí lẹ jókòó sí?" obìnrin elẹ́nu mímú yẹn kígbe. "Ṣé alága nìkan ló ń lọ láfún ni?"

Ẹ kò rí i! Wọ́n tú ká bí ẹyẹ, wọ́n sì ń dé lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú garawa, pẹ̀lú abọ́, pẹ̀lú ìkòkò, pẹ̀lú ike tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da ẹ̀gẹ́ nínú rẹ̀ nù. Ẹnì kan gbé bùtà tó fẹ́ fi ṣàlùwàlá wá. Wolé-wolé dá a padà fún un, ó ní omi Ọlọ́run kò sí nínú òfin òun. Èmi náà bu omi. Mo da omi sára bàtà mi, mo da sára ìwé mi, inú mi dùn bí ẹni tí wọ́n fi joyè. Nígbà tí omi kan ìlà, kò sí ilé kan ní abúlé wa tó ní omi tó lè fi se ẹ̀kọ.

A tún jókòó. A tún ń wo omi. Ẹ̀gbọ́n mi dùbúlẹ̀ sídìí igun ẹ̀yìn níta, etí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì tuntun. "Ó gbẹ," ó ń pariwo. "Ó ṣì gbẹ!" Àwọn tó kírun lọ kírun, wọ́n sì sáré padà.

Nígbà tí àkókò tó, wolé-wolé bọ́ bàtà, ó wọ inú omi lọ, ó fi ọ̀pá kékeré wọn ti ògiri. Omi ti lọ sílẹ̀ díẹ̀. Ẹnì kan pariwo "Háà!" Ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó wọn òun náà. Ó rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí eyín rẹ̀.

"Oòrùn ni," ó ní. "Oòrùn nìkan ló mu ún. Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá fọwọ́ síwèé yín."

Ariwo tó sọ, wọ́n ní wọ́n gbọ́ ọ ní oko. Wọ́n gbé wolé-wolé jáde nínú omi. Ìyá mi nìkan ló dúró sídìí igun rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá sìmẹ́ǹtì náà lẹ́ẹ̀mejì, pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́. Lẹ́yìn náà ló bu láfún tó ti rò sínú kúlà láti àárọ̀, tó ṣì gbóná, fún àlejò, ọmọbìnrin náà sì jẹ ẹ́ tán, ó tún bèèrè. Ọkọ̀ dísù dé lọ́jọ́ kejì.

Nígbà tí wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa yẹ táńkì wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí yóò sì máa kọ ọ́ sínú ìwé, wolé-wolé ní kó jẹ́ ẹni tó mọ gbogbo igun ògiri náà. Gbogbo ojú yí sí ìyá mi. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ni ó ti kọ́ ìwé díẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ sì tóbi, ó dúró ṣanṣan. Wọ́n ti rẹ́ ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì mìíràn fún láfún lẹ́bàá ojúde, wọ́n sì fi ọgbà yí i ká nítorí ewúrẹ́, lótìítọ́ lọ́tẹ̀ yìí.

Ó máa ń pè mí lọ́jọ́ Ajé ní Ìlaró kí n lè gbọ́ ohun tó kọ. Ó máa ń kà á bí ẹni tó ń ka ìròyìn lórí rédíò, mo sì máa ń pa gbogbo iṣẹ́ tì láti gbọ́ ọ. Ti ọ̀sẹ̀ yìí nìyí:

"Ihò ìmí ṣí sílẹ̀, agbọ́n kò sí. Ìpẹtà kò sí. Inú ògiri ṣófo, ó gbẹ. Ìta igun ẹ̀yìn gbẹ, mo fọwọ́ kàn án. Ẹ̀gbọ́n rẹ sá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sórí ògiri. Mo ti ká a kúrò. Mo kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀."